Orí Kẹta: Lílúwẹ̀ẹ́ Nínú Sènótè, Kànga Àdáyébá Ilẹ̀ Yucatán

Ẹni tó bá rin àríwá ilẹ̀ Yucatán ní Mẹ́síkò já kò ní sọdá odò kankan. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa, igbó sì wà, ṣùgbọ́n omi kì í dúró lórí ilẹ̀. Òkúta ẹfun ni gbogbo ilẹ̀ náà, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Bí òjò bá ti ń rọ̀, afẹ́fẹ́ carbon dioxide inú òfuurufú àti inú ilẹ̀ a máa wọnú omi òjò, a sì sọ ọ́ di omi tó kan díẹ̀. Omi kíkan yìí ló ń jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀ títí ihò fi gba abẹ́ ilẹ̀ kan. Bí àjà ihò bá wá fẹ́lẹ́ tó sì wó, omi tó wà nísàlẹ̀ á fojú hàn. Ibi tó wó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sènótè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló sì wà káàkiri Yucatán.

Orí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú sènótè, tó sì fẹ́ dojú bolẹ̀ lórí omi, kó fi awò ojú àti ọ̀pá ìmí wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n kó sì mòòkùn wọnú ihò ní ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ láti gbà. Ìmọ̀ràn kan ló ṣáájú gbogbo èyí tó kù: ẹ má fi òkìkí yan sènótè, bí ẹ ṣe mọ̀wẹ̀ tó ni kí ẹ fi yàn án.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ara yín wò

Ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ là ń fi wọn odò. Sènótè tilẹ̀ le ju odò lọ lọ́nà kan: ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní etí tó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ óò sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, bí ẹ bá sì ti fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ yín kò ní kanlẹ̀ mọ́. Omi náà tún mọ́ débi pé ó ń tan ojú jẹ. Ohun tó wà lábẹ́ omi máa ń hàn bíi pé ó sún mọ́ni ju bó ṣe wà lọ. Òkúta tí ẹ rò pé ẹsẹ̀ yín máa kàn lè jìn sísàlẹ̀ ju gíga yín lọ dáadáa.

Ohun kejì ni pé omi tí ẹ fẹ́ wọ̀ kò ní iyọ̀. Ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń léfòó nínú òkun yóò rí i pé ara òun wúwo níhìn-ín, nítorí omi iyọ̀ máa ń gbé ènìyàn ju omi dídùn lọ.

Kí ẹ tó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ dán ara yín wò níbi ìlúwẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ fi ẹ̀yìn lé omi fún ìṣẹ́jú 5 láìdi ohunkóhun mú. Lẹ́yìn náà, ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ìkángun kejì, kí ẹ sì padà láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ tún fi awò àti ọ̀pá ìmí dojú bolẹ̀ títí mímí ẹnu kò fi ní dẹ́rù bà yín mọ́. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá nira, ẹ̀wù ìléfòó di dandan fún yín, sènótè tó ní ibi tí kò jìn ni kí ẹ sì yàn. Ẹ̀wù ìléfòó kì í ṣe ohun ìtìjú. Níbi púpọ̀, àwọn olùṣọ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọmi láìwọ̀ ọ́, bó ti wù kó mọ̀wẹ̀ tó.

Oríṣi mẹ́ta

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ṣí sílẹ̀ pátápátá. Àjà rẹ̀ ti wó tán, oòrùn ń wọ inú rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ewéko ń hù sínú rẹ̀, ẹja wẹẹrẹ pọ̀, ibi tí ènìyàn lè dúró sí sì máa ń wà. Òun ló dára jù fún ọmọdé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwẹ̀. Ní oṣù tí ooru bá mú, omi irú rẹ̀ lè di àwọ̀ ewé, kó má fi bẹ́ẹ̀ hàn kedere.

Ìkejì ni èyí tí àjà rẹ̀ wó ní apá kan. Oòrùn wà lápá kan, òjìji wà lápá kejì. Fún ẹni tó gbé ọ̀pá ìmí, kò sí irú rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tó láti fi wo ìsàlẹ̀, àwọn òkúta àjà sì ṣì wà láti wò.

Ìkẹta ni inú ihò. Ihò kékeré kan ṣoṣo lè wà lókè tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń tan ìyókù. Ibẹ̀ ni òkúta ti ń rọ̀ wálẹ̀ láti àjà bí ọ̀kọ̀. Ẹ óò rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ lábẹ́ omi pẹ̀lú, ó sì yẹ kó yà yín lẹ́nu, nítorí inú ihò gbígbẹ nìkan ni ó ti lè dàgbà, bí omi ti ń kán tótó láti òkè. Nígbà tí yìnyín bo apá kan ayé láyé àtijọ́, òkun fà sẹ́yìn ju mítà 100 lọ sísàlẹ̀ ibi tó wà lónìí, àwọn ihò wọ̀nyí sì gbẹ. Nígbà tí yìnyín yọ́, omi padà wọlé. Ènìyàn ti rin inú wọn rí: ní 2007, àwọn òmùwẹ̀ abẹ́ omi rí egungun ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú kòtò tí wọ́n ń pè ní Hoyo Negro, ó sì ti lé ní ọdún 12,000 tó ti kú síbẹ̀.

Èyí tó yẹ yín ní etí òkun

Ọ̀nà mọ́tò 307 ló gba etí òkun lọ láti Cancún dé Tulum. Ọ̀pọ̀ sènótè tí àlejò ń lọ wà lẹ́bàá rẹ̀ tàbí nítòsí rẹ̀.

Cenote Azul: ìsàlẹ̀ Playa del Carmen ló wà, ní etí títì gan-an. Ó ṣí sílẹ̀, ó ní ibi tí omi kò kọjá orúnkún, ẹja kéékèèké ibẹ̀ a sì máa ṣán ẹsẹ̀ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ẹ̀bá rẹ̀ ni Cristalino àti Jardín del Edén wà. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ dáadáa kò ní kábàámọ̀ pé ìhín lòun ti bẹ̀rẹ̀.

Gran Cenote: ó wà lọ́nà tó ti Tulum lọ sí Cobá, kò jìnnà sí ìlú. Àjà rẹ̀ wó lápá kan. Pákó ni wọ́n fi ṣe àkàsọ̀ àti ibi ìdúró, ìjàpá omi ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín àlejò, àdán sì so rọ̀ sí àjà apá tó ṣókùnkùn. Ibi tí kò jìn wà, ibi tó jìn wà. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Aktun Ha: ọ̀nà Cobá kan náà ló wà. Carwash ni ọ̀pọ̀ ń pè é, nítorí pé àwọn awakọ̀ takisí a máa fọ ọkọ̀ wọn níbẹ̀ nígbà kan. Ó ṣí sílẹ̀, ewé òṣíbàtà wà lójú rẹ̀, èrò kì í sì í pọ̀ tó ti Gran Cenote.

Dos Ojos: ó wà lápá àríwá Tulum. Ihò omi méjì ni, tí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ so pọ̀, apá tí ìmọ́lẹ̀ dé sì fẹ̀ tó láti fi ọ̀pá ìmí wò. Òkúta ibẹ̀ kò láfiwé lágbègbè yẹn. Ẹ gba afinimọ̀nà. Ní oṣù January 2018, àwọn olùwádìí kéde pé ihò abẹ́ omi Dos Ojos àti ti Sac Actun tó wà nítòsí rẹ̀ so mọ́ra, gígùn gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ nígbà náà sì jẹ́ kìlómítà 347. Ẹni tó bá ṣìnà nínú irú ihò bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àbáyọ kò sí nítòsí.

Èyí tó yẹ yín ní àárín ilẹ̀

Valladolid ni kí ẹ sùn bí ẹ bá fẹ́ rí àwọn ti àárín ilẹ̀. Ẹ rántí aago: ìpínlẹ̀ Quintana Roo, níbi tí Cancún àti Tulum wà, fi wákàtí kan ṣáájú ìpínlẹ̀ Yucatán, níbi tí Valladolid wà. Bí ẹ bá jáde ní Tulum láàárọ̀, ẹ ti jèrè wákàtí kan. Ẹ óò dá a padà lálẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ tàbí bàálù yín bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Zací wà láàárín ìlú Valladolid gan-an. Ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn débẹ̀ láti gbàgede ìlú, àjà rẹ̀ sì bò ó lápá kan.

X'kekén àti Samulá wà ní Dzitnup, ìtòsí Valladolid. Inú ihò ni méjèèjì. Ní X'kekén, ìmọ́lẹ̀ ihò òkè a máa là tààrà wọnú omi. Ní Samulá, gbòǹgbò igi ti òkè sọ̀kalẹ̀ wá omi kàn.

Ik Kil wà nítòsí Chichén Itzá, ahoro ìlú àtijọ́ àwọn Maya, onílẹ̀ Yucatán. Kòtò rìbìtì ni, omi rẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 26 sísàlẹ̀ ilẹ̀, ìtàkùn sì so rọ̀ yí i ká. Ẹ óò gba àtẹ̀gùn òkúta sọ̀kalẹ̀. Omi náà jìn ju mítà 40 lọ, kò sí ibi ìdúró kankan nínú rẹ̀, ẹ̀wù ìléfòó sì ni òfin. Ọkọ̀ àwọn tó wo Chichén Itzá tán a máa já èrò síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ik Kil ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ láàárọ̀, kí ẹ tó lọ wo òkúta àwọn Maya.

Nínú Chichén Itzá fúnra rẹ̀, sènótè mímọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn Maya gbà pé Chaac, òrìṣà òjò, ń gbé nínú irú omi bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń rúbọ sí i níbẹ̀. Edward Herbert Thompson, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní 1904, ó sì rí wúrà, òkúta jade àti egungun ènìyàn. Ẹ dúró létí rẹ̀, kí ẹ wò ó, ó parí.

Ìgbà àti ọ̀nà

Láti November dé April ni ilẹ̀ gbẹ jù, ìgbà náà sì ni àlejò pọ̀ jù. Ìjì líle ti òkun Kàríbíánì a máa jà láàárín June sí November. Omi sènótè kò mọ̀gbà: 24°C sí 26°C ló máa ń wà jálẹ̀ ọdún. Ó ń tuni lára bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, òtútù á bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ onírọ́bà fẹ́lẹ́ dára fún ẹni tí òtútù ń tètè mú.

Àárọ̀ kùtù ni èrò kéré jù. Ní ti sènótè inú ihò, láti aago 11 àárọ̀ dé aago 2 ọ̀sán ni oòrùn ń là tààrà wọlé. Nítorí náà, ẹ fi àárọ̀ lọ sí èyí tó ṣí sílẹ̀, kí ẹ fi ọ̀sán lọ sínú ihò.

Pápákọ̀ òfuurufú Cancún ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gbà wọlé. Tulum náà ti ní tirẹ̀ láti December 2023. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní colectivo ń ná Playa del Carmen sí Tulum, ó sì ń já èrò lẹ́nu ọ̀nà sènótè tó wà ní etí títì. Ẹ sọ orúkọ ibi tí ẹ ń lọ fún awakọ̀ kí ẹ tó jókòó. Fún ti àárín ilẹ̀, ẹ yá ọkọ̀ tàbí kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì ADO dé Valladolid, kí ẹ wá gba takisí tàbí kẹ̀kẹ́ ológeere.

Àwọn ará wa tó ní ìwé ìrìnnà Bírítéènì tàbí ti Amẹ́ríkà kò nílò físà láti ṣe ìbẹ̀wò. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò rẹ̀, àyàfi bó bá ní físà Amẹ́ríkà, Bírítéènì, Kánádà, Japan tàbí ti Schengen tí kò tíì kú. Irú òfin bẹ́ẹ̀ a máa yí, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú Mẹ́síkò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí ẹ ó dì

Owó pẹ́sò lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ẹnu ọ̀nà kì í gba káàdì. Ẹ béèrè bóyá owó ìwọlé kan ẹ̀wù ìléfòó àti ibi ìkẹ́rù.

Awò ojú tiyín. Èyí tí wọ́n ń yáni wà, ṣùgbọ́n awò tó bá ojú ẹni mu ló ń dá omi dúró. Ẹ gbé e lé ojú láìfi okùn rẹ̀ kọ́rí, ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́. Bí kò bá já bọ́, ó bá yín mu. Irùngbọ̀n àti irun dídì tó wà níwájú orí a máa jẹ́ kí omi wọlé, ẹ kó irun sẹ́yìn.

Bàtà tó lè wọmi, nítorí òkúta ń yọ̀. Aṣọ alápá gígùn tó lè wọmi, òun ni yóò rọ́pò ìpara oòrùn. Aṣọ ìnura, omi mímu àti oúnjẹ díẹ̀.

Kí ẹ tó wọmi

Ní gbogbo ibi tó ní ìlànà, wọn yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ wẹ̀ ní ṣáwà. Ẹ wẹ̀ dáadáa, kì í ṣe pé kí ẹ fi omi kanra lásán. Ìpara oòrùn, oògùn ẹ̀fọn, lọ́fínńdà, òrí àti òróró irun, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ kúrò lára. Ibi púpọ̀ kì í gba ìpara oòrùn rárá, kódà èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kò léwu.

Ìdí rẹ̀ ni pé omi abẹ́ ilẹ̀ yìí ni gbogbo agbègbè náà ń mu. Kò sí odò mìíràn tí wọ́n lè lọ pọn. Òkúta náà kò sì sẹ́ ohunkóhun: ohun tó bá wọ sènótè kan lè gba inú ihò jáde sí òmíràn, títí dé òkun. Ẹ ṣe ìtọ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì rí i pé àwọn ọmọ náà ti ṣe é.

Nínú omi

Ẹ gba àkàsọ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ara mọ omi. Ẹ má fò bẹ́ sínú omi níbi tí olùṣọ́ kò bá tọ́ka sí. Òkúta tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í hàn láti òkè. Ẹ tutọ́ sínú awò, ẹ fi ọwọ́ ra á, ẹ ṣàn án nù, kò ní ṣú.

Ẹ wẹ̀ ní méjì-méjì, kí ẹnì kan máa rí ẹnì kejì. Bí omi bá wọ ọ̀pá ìmí, ẹ fẹ́ ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agbára, kí ẹ tó mí sínú. Bí àyà bá já, ẹ yíjú sókè, ẹ fẹ̀yìn lé omi, ẹ mí díẹ̀. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ dáadáa tó sì fẹ́ mòòkùn díẹ̀ gbọ́dọ̀ di imú, kó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ sínú rẹ̀ kí etí tó máa dùn ún. Kó má ṣe máa mí léraléra kíákíá kó tó lọ sísàlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbára òmùwẹ̀ ti ń dákú lábẹ́ omi. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ má gbá ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí kò jìn, ẹrọ̀fọ̀ á rú, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí nǹkan mọ́. Ẹ má fọwọ́ kan òkúta tó rọ̀ wálẹ̀. Ìdàgbà rẹ̀ gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ má fọwọ́ kan ìjàpá, ẹ má fún ẹja lóúnjẹ.

Ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dé

Ẹ óò rí okùn tín-ínrín tó wọ inú òkùnkùn lọ lábẹ́ omi. Ti àwọn tó mòòkùn ni. Bí ẹ bá rí pátákó tí wọ́n ya àwòrán ikú sí, ibẹ̀ ni ààlà àwọn òmùwẹ̀ tí kò kẹ́kọ̀ọ́ inú ihò, àwọn tó gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n pàápàá. Ẹni tó ń fi ọ̀pá mí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Òfin tiyín rọrùn: ibi tí ẹ bá gbójú sókè tí ẹ kò rí ojú ọ̀run tàbí afẹ́fẹ́ tààrà lókè orí, ẹ yí padà.

Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé ti àwọn tó gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n nìkan ni. Angelita, ní ìsàlẹ̀ Tulum, jìn tó mítà 60, ìkùukùu hydrogen sulfide sì bò ó láàárín ní nǹkan bíi mítà 30. El Pit, tó wà ní ọgbà Dos Ojos, jìn ju mítà 100 lọ. Ẹ lè gbọ́ ìtàn wọn lẹ́nu àwọn òmùwẹ̀. Ẹ má san owó wọn nítorí ọ̀pá ìmí. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níbikíbi ní Mẹ́síkò, nọ́ńbà 911 ni kí ẹ pè.

Ọ̀wọ̀ fún onílẹ̀

Àwọn Maya kò tíì parẹ́. Èdè wọn ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, wọ́n ṣì ń ṣe ètùtù òjò, ọ̀pọ̀ sènótè sì wà lórí ilẹ̀ tí àwọn ará abúlé ní lápapọ̀. Owó ìwọlé tí ẹ san nírú ibẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ẹ kí olùṣọ́ kí ẹ tó béèrè nǹkan, ẹ má gbé ọtí wọlé, ẹ kó ìdọ̀tí yín padà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jáde nítorí àrá, ẹ jáde.

Bí ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ dáadáa kó lọ sí Cenote Azul, ẹni tó mọ̀ ọ́n kó lọ sí Gran Cenote láàárọ̀ àti Dos Ojos lọ́sàn-án. Bí ọjọ́ méjì bá wà, ẹ fi èkejì lọ sí Ik Kil ní kùtùkùtù, kí ẹ parí rẹ̀ ní Samulá. Èyí tó kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, nítorí sènótè méjì tí ènìyàn fara balẹ̀ wẹ̀ nínú wọn sàn ju márùn-ún tó kàn yà fọ́tò létí wọn lọ.